Bí LPN Ṣe Ń Wọ Ètò RN ní Amẹ́ríkà, àti Ibi Tí Ọ̀pọ̀ Ti Ń Kọsẹ̀

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ LPN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ipele rẹ̀ kéré sí ti RN, ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ará Texas àti California ń pè ní LVN, tí wọ́n sì ń wá àyè nínú ètò bridge tí yóò sọ wọ́n di RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀nà ti ẹni tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà yàtọ̀: ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí Board of Nursing, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ tí ó yàn, lè gbà á láyè láti ṣe NCLEX, ìdánwò tí a fi ń gba ìwé àṣẹ. Mo tètè sọ èyí nítorí pé mo ti rí ẹni tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé, tí wọ́n sì gbà níyànjú pé kí ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí LPN.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ yín lórí Nursys, ojú òpó ayélujára tí a fi ń yẹ ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì wò, níbi tí a kì í ti í san owó, kí ẹ rí i pé kò sí àbààwọ́n lára ìwé àṣẹ yín, kí ẹ sì tẹ ojú ewé náà jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan ilé-ẹ̀kọ́. Board ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, àjọ tí ń jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí ACEN tàbí CCNE, sì gbọ́dọ̀ ti jẹ́rìí sí i. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan dípò èkejì. Ẹ tún wo iye àwọn tí ó yege NCLEX láti ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra ni mo máa ń wò, nítorí pé ọdún kan ṣoṣo lè tan ènìyàn jẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ fún yín pé ẹ kò ní dé kíláàsì, ẹ kò ní dé ilé ìwòsàn, kí ẹ ṣáà ti sanwó, ẹ sá fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 nínú ọ̀ràn tí wọ́n pè ní Operation Nightingale, lórí ayédèrú ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí ó lé ní 7,600 tí wọ́n tà láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Florida. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó ra ìwé náà pàdánù ìwé àṣẹ wọn.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ ìwé máàkì, tí gbogbo wa ń pè ní transcript. Nínú àwọn tí mo bá kọ́wọ́ ti ìbéèrè ìgbaniwọlé wọn, ìwé yìí ló dá èyí tí ó pọ̀ jù dúró, kì í ṣe ìdánwò ìwọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ku oṣù mẹ́sàn-án kí ilé-ẹ̀kọ́ pa ìlẹ̀kùn dé, kódà kí ẹ tó ra ìwé tí ẹ ó fi kàwé fún ìdánwò. Bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kan poly tàbí yunifásítì ní Nàìjíríà, bí ẹ kò tilẹ̀ parí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí pé wọ́n lè lé yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tí wọ́n bá rí i pé ẹ fi í pamọ́.

Ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ NACES ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà kí ó ṣe àyẹ̀wò ìwé ilẹ̀ òkèèrè, WES sì ni àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù. Irú àyẹ̀wò tí a ń pè ní course-by-course ni kí ẹ san owó fún, èyí tí ó ń tú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan palẹ̀ pẹ̀lú yúníìtì àti máàkì rẹ̀. Òmíràn wà tí owó rẹ̀ dín, tí ó kàn ń sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí yín bá dọ́gba ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ti ra ìyẹn yóò tún sanwó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ka yúníìtì.

Ọ́fíìsì rẹ́jísírà ló gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́ tààrà, WAEC náà ló sì gbọ́dọ̀ fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ yan àbúrò kan nílé tí ó ní sùúrù, kì í ṣe ẹni tí inú máa ń tètè bí, kí ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ó máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì náà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ajé, èrò máa ń pọ̀ jù. Ọjọ́ Ẹtì, wọn kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà pé kí ẹ mú un wá fúnra yín nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, ẹ má ṣe ṣí i. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti Nàìjíríà dé. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sí ẹnu àpòòwé náà, ìlàjì òǹtẹ̀ lórí ìdérí, ìlàjì lára àpòòwé gan-an. Nínú yàrá ìsinmi, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ya á, nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kọ máàkì kẹ́mísìrì rẹ̀ bí ó ti yẹ. Máàkì náà péye. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti pín sí méjì, ìwé náà sì ti di ìwé lásán. Oṣù mẹ́rin ni a fi dúró de òmíràn, àyè ọdún náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí máàkì rẹ̀, kí ó san owó ẹ̀dà kejì tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ náà ńkọ́? Ṣ tí ó wà nínú èdè wa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìwé wọn. Ẹ ó rí ẹni tí WAEC kọ ní Folashade, tí páásípọ́ọ̀tù kọ ní Folasade, tí ìwé àṣẹ LPN rẹ̀ sì tún ru orúkọ ọkọ. Lójú ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ to gbogbo ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ fi bíróò dúdú kọ orúkọ bí ó ṣe wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Níbi tí wọn kò bá ti bá ara wọn mu, ẹ wá ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra láti kóòtù, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìbéèrè yín. Ẹ má ṣe dúró títí wọn yóò fi béèrè.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama nìkan ni wọ́n ń béèrè, tí ọ̀rọ̀ WAEC yín sì ti lọ́jú pọ̀, ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba GED, ìdánwò Amẹ́ríkà tí ó dúró fún ìwé ẹ̀rí girama. Ìdánwò mẹ́rin péré ni, mo sì mọ ẹni tí ó parí rẹ̀ kí èsì rẹ̀ tó kúrò nílé.

Ní ti àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀, Anatomy and Physiology apá méjèèjì àti Microbiology, tàwọn ti lab wọn, ni ẹ ó bá pàdé níbi púpọ̀. Ẹ wo ọdún tí ẹ ṣe wọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba sáyẹ́ǹsì tí ó bá ti pẹ́ ju ọdún márùn-ún tàbí méje lọ. Community college ni kí ẹ ti ṣe wọ́n; owó rẹ̀ dín.

Fún TEAS, ìdánwò ìwọlé tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń lò, ìbéèrè 170 ni, ìṣẹ́jú 209 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwé àlòkù dára, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ti ẹ̀dà keje. Ilé-ìkàwé ìjọba máa ń ní in lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa ń ṣe sikáànù àwọn ìwé ẹ̀rí, nítorí pé àwòrán ìwé tí a fi fóònù yà máa ń ní òjìji ọwọ́ lára.

Ìwé ìlera kò le, àfi ohun kan. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n gún wa ní kékeré lè mú kí àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń ṣe sí awọ ara wú, kí wọ́n sì rò pé ẹ ní àrùn náà. Ẹ béèrè fún ti ẹ̀jẹ̀. Káàdì BLS, ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìdóòlà ẹ̀mí, láti American Heart Association ń lo ọdún méjì. Ẹ rí i pé kò ní kú láàárín sáà ẹ̀kọ́.

Ẹ fi ìbéèrè ìgbaniwọlé náà ránṣẹ́ nígbà tí ó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé, láti orí ímeèlì ti ara yín, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ pe ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ẹ bi wọ́n ní gbólóhùn kan ṣoṣo bóyá transcript gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù ti dé ọwọ́ wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó dá yín lóhùn sílẹ̀.