Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Yan Ìbọn Oníkàtíríìjì fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kéré

Inú rere ló sábà máa ń bí àṣìṣe tó burú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìbọn yíyìn, tàbí ọkọ fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí pápá ìyìnbọn. Ó wo bí ara ẹni náà ṣe kéré, ó sì ní ìbọn tó fúyẹ́ jù lọ ni òun máa rà. Ẹni náà yìn ín ní ìgbà mélòó kan, èjìká rẹ̀ wú, kò sì fẹ́ fojú kan ìbọn mọ́.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kàtíríìjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe gbá èjìká tó, nítorí ìwúwo ìbọn ló ń dín ipá náà kù kí ó tó dé ara. 12-gauge (gauge ni ìwọ̀n bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó; ọ̀pá 12 fẹ̀ ju ti 20 lọ) tó tó kílò 3.3, tí a ki kàtíríìjì tí ọta inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 24 sí, rọ èjìká lọ́rùn ju 20-gauge kílò 2.5 tí wọ́n ki gíráàmù 28 sí lọ. Èyí tó ń fi gáàsì kó kàtíríìjì mìíràn wọlé fúnra rẹ̀ tún sàn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà lè gbé e dúró o. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n kíákíá, ẹ wò ó bóyá iwájú ìbọn ló wúwo jù, kì í ṣe ìbọn lódindi.

Ẹ má sì gbé .410, tí ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín ju ti 20 lọ, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ torí pé ó rí kékeré. Kàtíríìjì rẹ̀ lè má ju gíráàmù 14 lọ. Ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ti mọ ìbọn yìn dáadáa ni irú rẹ̀ yẹ. Ọmọ tó bá ń tàsé ṣáá á gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Orí gígùn igi ìbọn, ìyẹn apá ẹ̀yìn tí a ń gbé sí èjìká, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù. Láti ibi tí ìka ti ń fa ìbọn dé àárín ìdí rẹ̀, ìbọn àgbàlagbà sábà máa ń tó ínṣì 14 sí 14½. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú lè nílò 13, ọmọdé lè nílò 12. Bí igi bá gùn jù, ìdí ìbọn á máa há sí aṣọ lábẹ́ abíyá, á sì bọ́ sórí apá dípò kòtò èjìká. Ibẹ̀ ni ara ti ń dúdú. Bí ẹ bá rí i tó ń fì sẹ́yìn, tí ikùn yọ síwájú, ẹ má pariwo mọ́ ọn pé kó dúró dáadáa. Igi tó gùn jù ni ara rẹ̀ ń wá àyè fún. "Á dàgbà bá a" kì í ṣe ìdí láti ra ìbọn tó tóbi fún ọmọ.

Ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ wọn ìbọn, kí ẹ máa fi ìdí rẹ̀ ti inú ìgbọ̀nwọ́ láti wò ó bóyá ìka dé ibi tí a ti ń fà á. Gígùn apá nìkan ni ìyẹn ń sọ, kò mọ ọrùn, kò mọ àyà, kò mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ yẹ ìbọn wò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí ẹni náà wọ aṣọ tí yóò fi yìnbọn, kí ó dijú, kí ó gbé ìbọn sí èjìká, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sinmi lé igi. Ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín imú àti àtàǹpàkò. Kí ó wá lajú: ṣé ó ń rí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn? Bí ẹ̀yìn ìbọn nìkan ló rí, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sinmi lé ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì yẹ kí a gbé e ga. Èyí wọ́pọ̀ lára obìnrin tí ọrùn rẹ̀ gùn. Ìbọn ló yẹ kó wá bá ojú.

Bí igun ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn bá ń gún obìnrin láyà, gígùn kọ́ ni ìṣòro, bí ìdí náà ṣe dagun ni. Ẹni tó ń tún ìbọn ṣe lè yí i padà. Ẹ má ṣe fi ayùn gé igi nílé: bí ìgékù náà bá wọ́, igun ìdí á yí padà, iwájú ìbọn á sì wúwo ju ẹ̀yìn lọ.

Ojú ńkọ́? Kí ó la ojú méjèèjì, kí ó na ìka sí nǹkan tó jìnnà, kí ó wá di ọ̀kan. Ojú tó ṣí tí ìka kò kúrò lójú kan náà ló ń darí. Bí kì í bá ṣe ti ìhà èjìká tó ń lò, kí ó kọ́ ọ láti èjìká kejì.

Bí ẹ bá wá ra 20-gauge, tí 12-gauge sì wà nílé, ẹ má kó kàtíríìjì wọn sí àpò kan. Ti 20 lè yọ́ wọ inú ọ̀pá 12, kí ó há síwájú. Bí ẹnìkan bá ki ti 12 tẹ̀ lé e, tó sì yìn ín, ọ̀pá náà lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.