Bí A Ṣe Ń Lo Ọkà Báálì Nílé, fún Ẹni Tó Ti Mọ Ọkà Bàbà

Ọkà báálì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Ojú ọjọ́ tútù ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí Rọ́ṣíà, Jámánì àti Faransé fi wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín jù lọ, tí àwọn àgbẹ̀ orí òkè Etiópíà náà sì ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé. Ní Nàìjíríà, Lake Chad Research Institute tó wà ní Maiduguri ni ìjọba gbé ìwádìí lórí rẹ̀ lé lọ́wọ́, pẹ̀lú àlìkámà àti jéró. Síbẹ̀, a kò lè pè é ní àjèjì ní Ìlọrin, nítorí òun ni àwọn àlùfáà máa ń dárúkọ pẹ̀lú dàbínù bí wọ́n bá ń ṣàlàyé Sàká Fítírì, ìyẹn oúnjẹ tí Mùsùlùmí máa ń yọ fún aláìní ní ìparí ààwẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fi ọkà bàbà ṣe ẹ̀kọ tàbí tùwó ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ báálì. Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo. Bí a bá gún ọkà bàbà díẹ̀ tí a sì fẹ́ ẹ, èèpo rẹ̀ yóò lọ. Èèpo báálì lẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ pinpin, odó kò sì lè bó o tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra èyí tó ṣì ní èèpo fún sísè, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ bó, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀, ló dára jù. Èyí tí wọ́n bó títí tó fi funfun máa ń tètè jinná, ṣùgbọ́n apá kan oore rẹ̀ ti bá èèrí lọ. Ní tèmi, ó sàn kí a ra ọmọ ọkà kí a sì gbé e lọ lọ̀ ju kí a ra ìyẹ̀fun tí a kò mọ ìgbà tí wọ́n lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀kúnwọ́ kan sí i kí ó kó ata tàbí èlùbọ́ tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn jáde, kí ẹ da ìyẹn nù, kí ẹ tó da ìyókù sí i.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà nínú omi. Bí a bá ń ṣe ọ̀gì, a máa ń sẹ́ ẹ, a máa ń kó èèrí fún ẹran, a sì máa ń da omidùn orí rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ṣe báálì bẹ́ẹ̀ ti da ohun tó torí rẹ̀ rà á nù. Fáíbà kan tí wọ́n ń pè ní béta-glúkánì wà nínú báálì, ó máa ń yọ́ sínú omi, òun ló sì ń mú kí ẹ̀kọ rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ bí ewédú. Nítorí fáíbà yìí ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe gbà ní 2006 pé kí àwọn tó ń ta oúnjẹ báálì kọ ọ́ sára ọjà wọn pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù. Ẹ fọ ọkà yín mọ́ ná, kí ẹ tó rẹ ẹ́, kí ẹ sì fi omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ gan-an sè é. Ooru Ìlọrin lè mú kí omi náà kan kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà wákàtí 4 ti tó bí kò bá sí fíríìjì.

Ife ọkà 1 ń gba ife omi 3. Èyí tó funfun máa ń jinná láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 40, èyí tó pọ́n lè gbà tó wákàtí kan. Kì í rọ̀ bí ìrẹsì; bó bá ṣì ń fẹ́ kí eyín ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ti jinná. Ọbẹ̀ ata tí a fi wàrà díndín sí ló bá a mu jù.

Tálíbínà, ìyẹn ẹ̀kọ ìyẹ̀fun báálì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ ń wá báálì kiri, nítorí hádíìsì tí ìyá wa Àíṣá gbà wá sọ pé ó máa ń tu ọkàn aláìsàn lára. Ẹ fi omi tútù ìlàjì ife po ṣíbí ìjẹun 2 ìyẹ̀fun tí a kò sẹ́, kí ó má bàa di kókó. Ẹ dà á sínú ife omi 1 lórí iná tí kò le, kí ẹ sì máa rò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi híhó lásán lè se ọ̀gì, kò lè se báálì: títí òórùn ìyẹ̀fun tútù yóò fi lọ tí ẹ̀kọ náà yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ má sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi mílíìkì sí i, kí ẹ fi oyin sí i nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó dára fún sààrì, nítorí ó máa ń pẹ́ nínú. Ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, nítorí báálì náà ní gúlútẹ́nì, èròjà tó wà nínú àlìkámà; ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí a mú hù kí a tó sá a gbẹ, nìkan ni a nílò èyí tó ní èèpo fún, nítorí èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ bó títí kì í hù dáadáa. Ní 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé, ọkà bàbà ni àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́tí yíjú sí, ó sì ní ìdí: ọkà bàbà fẹ́ràn ooru wa láti hù, báálì a sì máa bu nínú rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni kí ẹ dán an wò. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8, ẹ ro omi rẹ̀ nù kí ó lè mí, kí ẹ tún rẹ ẹ́ títí gbòǹgbò funfun yóò fi yọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù tó mọ́ níbi tí oòrùn kò dé, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 4 tàbí 5, kí ẹ tó sá a gbẹ, kí ẹ fọwọ́ ra gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ ní gbúǹgbù. Omi tó ń hó yóò pa agbára tó ń sọ ọ́ di dídùn. Ẹ da omi híhó ife 3 pọ̀ mọ́ omi lásán ife 2, ẹ da ife mọ́ọ̀tì 2 sí i, ẹ bò ó fún wákàtí kan, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sè é. Ọjọ́ náà ni kí ẹ mu ún tán, nítorí bó bá sùn níta, ọtí ló ń dà.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú báálì bíbó, ẹ lè yan án gbẹ nínú ìkòkò irin títí yóò fi pọ́n dúdú, kí ẹ máa se ṣíbí kan rẹ̀ nínú omi bíi tíì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jàpáánù àti Kòríà ti ń ṣe. Kò ní kaféènì, ènìyàn sì lè mu ún lálẹ́ kí oorun má dá.