Oorun ni wọ́n tà fún mi lórúkọ mindfulness, ₦18,000 ló bá a lọ

Owó yẹn ṣì ń dùn mí. Owó aṣọ Iléyá ni, ẹni tó bá sì ń ránṣọ ní Ìlọrin mọ ohun tójú wa ń rí kí Iléyá tó pé, oorun wákàtí mẹ́ta, iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, kọ́sítọ́mà á máa pè. Ọdún yẹn parí tán ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo dé ọsibítù, wọ́n wọn ìfúnpá mi, 150/95. Dókítà kọ oògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì wá nǹkan tó máa jẹ́ kí ọpọlọ mi sinmi.

Bí mo ṣe rí kíláàsì yẹn ò gba àlàyé, orí fóònù náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ní mindfulness meditation ni, ìyẹn kéèyàn jókòó jẹ́jẹ́ kó máa fọkàn ṣọ́ ara àti èrò ẹ̀. Alaalẹ́ ni fọ́ìsì máa wọlé: ìró òjò, orin jẹ́jẹ́, ohùn obìnrin tó ń sọ pé ẹ mú ẹsẹ̀ yín le, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ mú èjìká le, ẹ tú u sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀ rí, mo ti sùn lọ. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tí kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, àyà mi á tún máa lù kìkì bíi ti àná.

Ọ̀sẹ̀ kẹta mo bi tíṣà pé ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìyàtọ̀ eléyìí sí kéèyàn kàn sinmi? Ó ní mi ò tíì wọlé dáadáa, kí n mú ₦10,000 wá fún ipele kejì. Mo ní kó dá owó mi padà, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àmì búlúù méjì nìkan ni mo rí.

Inú tó bí mi ló jẹ́ kí n lọ kà á fúnra mi. Mímú ara le ká tú u sílẹ̀ yẹn, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló gbé e kalẹ̀, ìwé ẹ̀ jáde ní 1929. Herbert Benson, dókítà ní yunifásítì Harvard, náà kọ ìwé tiẹ̀ lórí kí ara rọ̀ ní 1975. Kí ara rọ̀ ni wọ́n ń wá, ara bá ti rọ̀, iṣẹ́ ti parí, ó sì dáa láyè ara ẹ̀. Mindfulness tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn ní yunifásítì Massachusetts ní 1979, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe tòun náà báyìí, nǹkan mìíràn ló ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìrora tí kò lọ bọ̀rọ̀. Kò ní kí wọ́n lé e, ó ní kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n mọ ibi tó wà, bó ṣe ń le, bó ṣe ń rọlẹ̀, láì bá a jà. Ara lè rọ̀, ó lè má rọ̀. Ojú tó là sílẹ̀ ni iṣẹ́ náà, èmi wá ń sùn!

Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù ní Gáà Àkànbí, aago méje àárọ̀ kí àwọn ọmọṣẹ́ tó dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yìn nàró lórí àpótí, kí n máa fọkàn bá èémí lọ. Ibẹ̀ ni mo há sí. Èémí kan, méjì, kó tó di ẹ̀kẹta mo ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó tó jẹ mí lówó bùbá. Mo dá ọkàn padà, ó di owó iléèwé. Mo tún dá a padà, ó di lésì tí mo gé kéré. Tíṣà yẹn ti sọ fún wa pé ká kó gbogbo èrò dà nù kí ọkàn mọ́ fefe, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ mí níyà ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo máa ń fi ìbínú dìde níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ta àpótí yẹn nípàá, mo ní ó tán.

Ìgbà tí mo tún un kà ló tó yé mi. Kò sẹ́ni tó ní èrò ò ní wá. Kéèyàn mọ̀ pé ọkàn òun ti lọ kó sì rọra mú un padà, iṣẹ́ yẹn gan-an nìyẹn. Tó bá lọ nígbà ogún, tí mo mú un padà nígbà ogún, mo ti ṣe é dáadáa nígbà ogún nìyẹn, èmi wá ń pè é ní àṣìṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, mò ń fi síìpù sí gáùn kan, mo ṣàdédé rí i pé mi ò mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ síìpù dé ìdí ẹ̀, mo sé èémí, eyín pa pọ̀, èjìká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ránṣọ, tí ọrùn ń ro mí, mi ò mọ̀! Mo dá máṣíìnì dúró, mo mí, èjìká sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo pariwo pe àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n wá wò ó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ kọ́kọ́ bi tíṣà pé tí mo bá sùn lọ ńkọ́? Tó bá ní kò sí wàhálà, ìsinmi ló ń tà, ẹ lè sinmi lọ́fẹ̀ẹ́ nílé yín. Ẹ má sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Oògùn yín, ẹ má pa á tì o, mò ń lo tèmi lójoojúmọ́, 132/84 ni wọ́n bá ìfúnpá mi kẹ́yìn, mi ò sì ní sọ pé ìjókòó ló ṣe é. Ti mímú ara le ká tú u sílẹ̀ yẹn, mo ṣì ń ṣe é lálẹ́ tí ara bá ro mí.

Àbúrò kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà ti ń ṣọ́ ara ẹ̀. Tó bá ti mú síìpù, mo máa ń gbọ́ èémí ẹ̀ láti ìdí máṣíìnì tèmi.