Bí Mo Ṣe Tún Ìbọn Màámi Ṣe

Ìbọn tí mò ń sọ yìí, ike ni. Wáyà gígùn kan ló so ó mọ́ ẹ̀rọ gémù, pẹ́pẹ́yẹ inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló sì lè pa. Ṣùgbọ́n nílé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láyé ìgbà tí mo wà ní pírámárì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yìn tó màámi.

Ọdún 1993 ni bàbá wa ra ẹ̀rọ náà ní Dùgbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yege ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Funfun ni, pẹ̀lú pupa bí ẹ̀jẹ̀ létí, gẹ́lẹ́ bí Famicom, ẹ̀rọ gémù tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1983. Tiwa kì í ṣe ti Nintendo. Àwòkọ ni, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Éṣíà nígbà náà, òun náà ló sì wà nílé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa. A ò mọ ìyàtọ̀ kankan. Gémù là ń pè é, kásẹ́ẹ̀tì là ń pe ohun tí à ń kì bọ̀ ọ́ lórí. Ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé gémù 9999999 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mélòó kan náà ló ń pààrọ̀ orúkọ láti ojú ìwé kan dé òmíràn. A ṣí ojú ìwé náà títí iná fi lọ, torí a gbà gbọ́ pé gémù tuntun kan ń bẹ níwájú.

Contra ni tèmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Màámi ò dá sí i, wọn ò sì dá sí Mario. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ orin Duck Hunt, gémù ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ, láti kíṣìnnì, wọ́n á fi ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀, wọ́n á nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e fún mi." Wọn kì í jókòó yìn ín. Ìdúró ni, ojú òsì á wà ní dídì, apá á nà gbọnrangandan. Ọta mẹ́ta ni gémù náà ń fúnni fún pẹ́pẹ́yẹ kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń lò.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ṣàwárí ohun kan. Níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá mú páàdì, ohun tí à ń tẹ̀ láti fi darí gémù, lọ́wọ́ lè darí ẹyẹ náà síbi tó bá wù ú. A gbé páàdì pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, a sì ń yí ẹyẹ náà kiri bí ìbọn bá ti ń dojú kọ ọ́. Màámi á ní, "Ẹyẹ tòní yìí mà gbọ́n o." Àwa á mú ojú kúrò.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí màámi ń sún mọ́ ọdún márùndínlọ́gọ́rin, mo ń bá wọn tún yàrá ṣe, mo rí páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ náà rèé, páàdì méjì, kásẹ́ẹ̀tì méjì, ìbọn. Adáptọ̀ nìkan ni kò sí. Màámi mú ìbọn náà, wọ́n fà á lẹ́nu, ó dún tààì. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?" Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sinmi.

Iná ni mo kọ́kọ́ wá ojútùú sí, torí ibẹ̀ ni irú ẹ̀rọ báyìí ti sábà máa ń kú sí ẹni tó fẹ́ jí i lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ pé fóòtì 9 ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán róbótó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn, òun ló ń sọ bóyá pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù ló wà nínú ihò ẹnu adáptọ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù ló wà nínú ti Famicom, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọ̀pọ̀ adáptọ̀ tó wà lọ́jà lónìí, pọ́sítíìfù ló wà nínú tiwọn. Ẹni tí mo fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní mẹ́sàn-án ni mẹ́sàn-án, kí n lọ kì í bọ̀ ọ́. Mo fi mítà wò ó níwájú rẹ̀: òdìkejì ni. Ká ní mo kì í bọ̀ ọ́, mo lè jó ohun kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ fóòtì 9 di 5 nínú ẹ̀rọ náà, kí ó sì fa ọpọlọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Èyí tí mo rà nígbẹ̀yìn ṣeé yí ẹnu rẹ̀ padà sí ọ̀nà tí èèyàn bá fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwòrán yẹn kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́.

Ó kan kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́, a sì rò pé atẹ́gùn náà ló ń wò ó sàn. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún un kì ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀rinrin ẹnu wa ló ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, Nintendo fúnra wọn sì kìlọ̀ pé kí á má fẹ́ ẹ. Eyín ọgọ́ta ló wà lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì irú ẹ̀rọ wa, ọgbọ̀n níwájú, ọgbọ̀n lẹ́yìn, gbogbo wọn ló sì ti dúdú. Mo fi kílínà tí ọmọ mi fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ra wọ́n jẹ́jẹ́, mo fi òwú àti sípíríìtì nu ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, mo jẹ́ kí ó gbẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tan án, àwọ̀ eérú lásán. Mo yọ ọ́, mo tún un kì. Ìgbà kejì, àwọn lẹ́tà dàrú kiri ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà kẹta, orúkọ gémù jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Mario ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Orin tí Koji Kondo kọ fún un dún, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀, ibi tí mo máa ń jókòó sí nígbà náà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jókòó tì mí. Mo sọ fún un pé kílóbáìtì 40 ni gbogbo Super Mario Bros. tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1985, pé fọ́tò kan ṣoṣo tí a bá fi fóònù yà tóbi jù ú lọ fíìfíì. Mo ní kó wo ìkùukùu ojú ọ̀run, kó tún wo igbó ilẹ̀: àwòrán kan náà ni, àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀, kí ààyè lè tó. Ó dá gémù dúró, ó wò ó títí. Mi ò rò pé àwọn tó ń ṣe gémù lónìí ní irú ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ sí ààyè, kò sì sí ohun tó ní kí wọ́n ní in.

Ìbọn wá kọ̀. A yìn ín lókèèrè, a yìn ín nítòsí, a gbé ẹnu rẹ̀ lé ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an, pẹ́pẹ́yẹ ń fò lọ, ajá inú koríko ń dìde fi wá rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé. Ìbọn náà kì í yọ ohunkóhun jáde. Ó ń ríran ni. Bí a bá fà á, ẹ̀rọ gémù á sọ gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì gbé àpótí funfun sí ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Bí ojú ìbọn bá rí funfun yẹn, a ti pa á nìyẹn. Dúdú tó kọ́kọ́ wá yẹn ló ń mú ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, torí bí ìbọn bá rí ìmọ́lẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan yẹ kó dúdú, ẹ̀rọ á mọ̀ pé gílóòbù ni èèyàn kọjú rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú èyí lọ́pọ̀ ìgbà.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń ya àwòrán rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti ń gbà á, kò dá ohunkóhun dúró. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí ń kọ́kọ́ gba àwòrán, ó ń tún un ṣe, kó tó gbé e jáde. Kí funfun yẹn tó hàn, ẹ̀rọ gémù ti ṣíwọ́ wíwò. Èyí nìkan kọ́: wọ́n ṣe ojú ìbọn náà kó máa wá bí ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe ń ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 15,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹlẹbẹ kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀.

Mo ní láti wá tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbàǹgbà. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní àwọn ti sọ tiwọn nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rí ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ògùnpa, ínṣì 21, eruku bò ó. Bàbá tàn án fún mi, àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Mo bi wọ́n bóyá mo lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ nílé kí n gbọn eruku inú rẹ̀. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má dán an wò." Iná tó wà lórí ìgò ńlá inú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóòtì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbọ̀n ọ́n. Èmi àti awakọ̀ Micra la jọ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì fi ọwọ́ dì í mú títí a fi dé Mọ́kọ́lá.

Ìbọn ṣì kọ̀. Mo tú síkúrù ara rẹ̀. Alántakùn ti hun ilé sẹ́nu ọ̀nà dígí kékeré tó fi ń ríran, wáyà kan sì ti já nídìí ibi tí à ń fà. Mo fi òwú nu dígí náà, mo jó wáyà náà pọ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, mo dè é padà. Mo fi kún ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Mo dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo fà á. Pẹ́pẹ́yẹ náà dúró lójú òfuurufú, ó sì já lulẹ̀. Mi ò pariwo. Ilé ti sùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo tan gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí màámi tó jáde láti yàrá. Orin yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró.

"Ẹ gbé e fún mi."

Ẹyẹ àkọ́kọ́ lọ, ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bà á. Ajá dìde, ó rẹ́rìn-ín. Màámi ní, "Ajá yìí ò tíì kú?" Wọ́n yí ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n di ojú òsì. Ẹyẹ kejì já lulẹ̀, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Wọ́n pa méje nínú mẹ́wàá, mẹ́fà péré ni gémù náà sì ń béèrè kí èèyàn tó lọ síwájú. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé ìbọn fún ọmọ mi, wọ́n jókòó.

"Àkànní, gbé páàdì yẹn wá."

"Páàdì kẹ̀, Màámi?"

"Èyí tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń gbé sábẹ́ tìmùtìmù."

Mo gbé e fún wọn, mo fi ibi tí wọ́n á tẹ̀ hàn wọ́n. Ọmọ mi gbé ìbọn sókè, pẹ́pẹ́yẹ jáde láti inú koríko, ó ń bọ̀ ní tààrà, ó sì yà bàrá sápá òsì bí ó ti fà á. Ó tún fà á, ẹyẹ náà ti wà lókè. "Màmá àgbà, ẹyẹ yìí gbọ́n o!" Màámi ò dáhùn. Àtàǹpàkò wọn wà lórí páàdì, ojú wọn ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń dúró de èyí tó kàn.