Bí A Ṣe Ń Jábọ̀ Iṣẹ́ Fún Ọ̀gá Lórí Ayélujára Láràárọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ṣiṣẹ́ Látilé

Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò ronú rẹ̀ rí ti sọ yàrá di ọ́fíìsì. Òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtilé kò bá a lọ. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí ọ̀gá wọn wà ní Ìkẹjà, àwọn mìíràn wà ní Abẹ́òkúta tí ọ̀gá wọn wà ní London. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni ìpàdé kékeré tí wọ́n ń bá ọ̀gá ṣe láràárọ̀ lórí Zoom, Google Meet tàbí WhatsApp.

Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dùn sí ìpàdé yìí. Lójú wọn, ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nígbà tí a wà ní ọ́fíìsì, ọ̀gá máa ń gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì wa kọjá, ó ń rí wa bí a ṣe dorí kodò nídìí iṣẹ́, ó sì ń gbọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nílé, kò rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àárọ̀ yẹn ló fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ wa dé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ jẹ́ kí àbọ̀ iṣẹ́ yín ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá ní kíkọ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ̀kì lè dàrú, ohùn lè máa já. Èyí tí ẹ ti kọ ránṣẹ́ kò ní já.

1. Ẹ fẹnu kò sí aago àti iye ìṣẹ́jú

Ẹ bá ọ̀gá jọ yan àkókò tí ọkàn yín lè fara balẹ̀. Ẹ má tìtorí kí ojú ọ̀gá lè rọ̀ gba aago méje ààbọ̀ nígbà tí ẹ mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an lẹ ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Ẹ ó pẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó pẹ́ lọ́jọ́ kejì, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, orúkọ ẹni tó máa ń pẹ́ ti lẹ̀ mọ́ yín lára.

Bí ọ̀gá bá wà lókè òkun, ẹ ṣọ́ra fún aago tó ń yí. Aago Nàìjíríà kì í yí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni àwa àti London ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi wákàtí kan ṣíwájú wọn, ìpàdé aago mẹ́sàn-án tiwọn yóò sì di aago mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa. Ti New York tún yàtọ̀: wákàtí márùn-ún la fi ń ṣíwájú wọn nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń yí tiwọn, kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kàlẹ́ńdà orí fóònù lè bá yín ṣọ́ gbogbo èyí bí ẹ bá fi ìpàdé náà síbẹ̀ ní aago ìlú ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti pàdánù ìpàdé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìyípadà aago, tí wọ́n rò pé àwọn tètè dé.

Ní ti bó ṣe yẹ kó gùn tó, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló sọ irú ìpàdé yìí di gbajúmọ̀. Daily Scrum ni wọ́n ń pe tiwọn, ìwé ìlànà rẹ̀ sì fi òdiwọ̀n ìṣẹ́jú 15 sí i. Ẹ yá òdiwọ̀n yẹn lò, iṣẹ́ yòówù tí ẹ ń ṣe. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

2. Ẹ kọ àbọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ àná

Àṣálẹ́ tí ẹ fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe òwúrọ̀. Lálẹ́, ohun tí ẹ ṣe ṣì wà lọ́kàn yín. Láàárọ̀, ẹ ò mọ̀ bóyá iná máa wà. Ohun mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀: ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, àti ohun tó dí yín lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n ń kọ ohun tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo òṣìṣẹ́ ìṣirò owó kan tó kọ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ṣì ń bá ìṣirò owó oṣù Kẹsàn-án lọ. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa."

Irọ́ kọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò mọ ju bó ṣe mọ̀ kó tó kà á lọ. Ẹ wá wo èyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Àná, mo fi rìsíìtì 63 nínú 80 wé àkọsílẹ̀ báńkì, wọ́n sì bára mu. Lónìí, màá parí 17 tó kù kó tó di aago méjì. Ìdíwọ́: mẹ́rin nínú wọn kò ní orúkọ oníbàárà. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀ka ìtajà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tíì fèsì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Iye iṣẹ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, ohun tó ń fẹ́ kí ọ̀gá ṣe sì wà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀gá ti lè gbé fóònù pe ẹ̀ka ìtajà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé kà báyìí. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí tàbí tó ń ya àwòrán ilé lè lo odindi ọjọ́ láìní ojú-ìwé kan láti fi hàn. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ fi iye tí kò sí tan ọ̀gá. Kí wọ́n kọ ìbéèrè tí wọ́n ti rí ìdáhùn sí, àti ọ̀nà tí wọ́n gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà.

3. Ẹ múra sílẹ̀ fún iná àti dátà

Ìgbàkúgbà tí iná bá dé lálẹ́, ẹ fi kọ̀ǹpútà, fóònù àti páwà báńkì sí i, ẹ má dúró di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí bátìrì tán. Bí agbára yín bá ká a, ẹ ní káàdì SIM kejì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan náà, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì méjèèjì kì í sábà dàrú lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù ni kí ẹ fi wọ ìpàdé bí iná kò bá dájú; bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ ju ti kọ̀ǹpútà lọ.

Dátà náà ń náni lówó. Zoom sọ pé fídíò tó mọ́ kedere láàárín ènìyàn méjì ń lo kilobit 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní lílọ, àti iye kan náà ní bíbọ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ó tó MB 135. Ohùn nìkan kò ju kilobit 60 sí 80 lọ, èyí tí kò lè ju MB 20 lọ ní iye ìṣẹ́jú kan náà, bí a tilẹ̀ ka lílọ àti bíbọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ogún ìpàdé lóṣù yóò rí i pé fídíò nìkan lè gba ohun tó lé ní GB 2.5. Nítorí náà, ẹ bẹ ọ̀gá pé kí ẹ máa pa fídíò. Àmọ́ ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má baà rò pé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń tan án fún ìkíni, wọn á sì pa á bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ó bójú mu.

Ẹ̀yin tó ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé tàbí sí bákónì nítorí pé òjò ń rọ̀ tí ìpàdé sì ti tó. Èéfín rẹ̀ ń pani. Kò sí ìpàdé tó tó bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ̀

Ẹ sọ aago ìpàdé fún wọn, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ yín, tí wọ́n lè rò pé ẹni tó jókòó sílé kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pa máìkì nígbà tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá sunkún wọlé, ẹ tọrọ àyè, ẹ gbé e, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

5. Ẹ kí ọ̀gá, kí ẹ sì wọ inú ọ̀rọ̀

Ẹ má fo ìkíni. Ẹ béèrè àlàáfíà ọ̀gá àti ti ilé, ìṣẹ́jú kan tó fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ má tún ka gbogbo ohun tí ẹ ti kọ ránṣẹ́. Ẹ sọ pé, "Mo rò pé àbọ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ yín, sà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí a sọ." Ìdíwọ́ ni kí ẹ fi àkókò yín lé lórí.

Bí ilé-iṣẹ́ òkè òkun lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ máa pe ọ̀gá lórúkọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ lè bí i lọ́mọ tàbí pé ó lè bí yín. Kì í rọ ahọ́n wa lọ́rùn. Ẹ pè é bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é. Ẹ fi àsìkò tí ẹ ń dé àti ìmúrasílẹ̀ yín bọ̀wọ̀ fún un.

6. Bí ẹ ṣe máa sọ pé iṣẹ́ há

Ibí ni ìṣòro pọ̀ sí jù lọ fún àwa tí a tọ́ nílé Yorùbá. A ti kọ́ wa pé a kì í já àgbà nírọ́, a kì í sì í sọ pé "kò ṣeé ṣe" lójú ẹni tó jù wá lọ. Tí ọ̀gá bá wá gbé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lé wa lọ́wọ́ pé kó parí lọ́la, "Kò sí wàhálà mà" ló ń jáde lẹ́nu wa. A ó wá fi òru ṣe é, kò sì ní parí. Ọjọ́ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ọ̀gá tó máa gbọ́, ojú rẹ̀ á sì ti òun náà níwájú ọ̀gá tirẹ̀. Ẹ rí i pé ìdákẹ́ yẹn kò bọ̀wọ̀ fún un rárá.

Ọ̀nà wà tí a fi ń sọ ọ́ tí kò ní ní àfojúdi nínú. Ẹ jẹ́ kí ìpinnu wà lọ́wọ́ ọ̀gá: "Sà, iṣẹ́ méjèèjì yìí kò lè jọ parí lónìí. Èwo ni kí n fi ṣáájú?" Bí ohun tó sọ kò bá yé yín: "Mà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹ bá mi wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ." Bí ọwọ́ yín bá ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti ṣe láti tún un ṣe. Ọ̀gá tó gbọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ní àyè láti wá ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́. Èyí tó gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní nǹkan kan mọ́ ju ìbínú lọ.

Bí ohun tó dí yín lọ́wọ́ bá jẹ́ ti ara, bí àìsàn, oyún tàbí ọ̀fọ̀, ẹ má sọ ọ́ níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá nìkan. Kò sì di dandan kí ẹ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. "Ara mi kò yá, màá nílò ọjọ́ méjì" ti tó.

7. Ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí

Bí ìpàdé bá ti parí, ẹ fi ìlà méjì ránṣẹ́: "Ẹ ṣé mà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, rìsíìtì ni màá fi ṣáájú. Ti owó oṣù di ọ̀la." Ọ̀gá tó ń bá ènìyàn mẹ́jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kan lè gbàgbé. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ìrọ̀lẹ́ tó ní kí ni kò jẹ́ kí ti owó oṣù parí, ìlà méjì yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀, láìsí àríyànjiyàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà

Ẹ ka àbọ̀ tí wọ́n kọ kí ẹ tó wọlé. Kò sí ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ rẹ̀wẹ̀sì bí kí wọ́n ní kó tún ka ohun tó ti kọ. Ẹ má fi ìpàdé yìí ṣọ́ ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ohun tó jáde láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ lẹ fẹ́, kì í ṣe àwòrán ojú rẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un lójoojúmọ́: "Kí ni mo lè bá ọ ṣí kúrò lọ́nà?" Kí ẹ sì ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó sọ ìdíwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí ìrànlọ́wọ́ kò ní sọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Bí ẹ bá pàdánù ìpàdé

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti padà: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, àti pé àbọ̀ yín wà níbi tí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ má kọ ìtàn gígùn nípa iná. Bí ó bá sì ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, tàbí tí ìpàdé ti ń kọjá láìsí ìdíwọ́ kankan tí a yanjú níbẹ̀, ẹ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ pé kí ẹ máa ṣe é ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì nìkan, kí àbọ̀ tí a kọ sílẹ̀ máa lọ ní ọjọ́ méjì yòókù. Ẹ ní kí ẹ jọ dán an wò fún oṣù kan, kí ẹ tún wá jókòó sọ ọ́.