Bí ẹ ṣe lè kó ọ̀rọ̀ àtijọ́ dànù lọ́kàn

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó já yín sílẹ̀ lọ́jọ́sí ló ṣì ń gba oorun lójú yín, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe ń dùn yín, ẹ má wo sípẹ́lì, èébú gan-an ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ 4 léraléra. Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1986. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fà á ya (àwọn ọmọ ilé máa ń túlé o!). Ẹ wá gun Láyípo, ilé gogoro tó wà l'Ókè Àárẹ̀ n'Ìbàdàn, kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín. Nọ́ńbà ẹni yẹn ńkọ́? Ẹ ti pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Tí oúnjẹ ò bá wá wọlé rárá, ẹ lọ rí dókítà ní UCH.