Bí a ṣe ń wo fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà nínú DNA wa

Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 DNA ènìyàn ló jẹ́ àwókù fáírọ́ọ̀sì. Irú tí wọ́n ń pè ní retrovirus ni wọ́n. Láyé àtijọ́ ni wọ́n wọ inú ẹyin tàbí àtọ̀ àwọn baba ńlá wa, wọ́n lẹ̀ mọ́ DNA, ọmọ sì ń jogún wọn lọ́wọ́ òbí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ti bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì sì ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Díẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti dátà ní Òṣogbo lè fojú ara rẹ̀ rí i.

ERVW-1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn jíìnì kan tó ti ara irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ oyún ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́, ìyẹn kò sì ṣàjèjì ní ìlú tí wọ́n ti ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun.

Ẹ lọ sí genome.ucsc.edu, ìkànnì tó ń fi DNA ènìyàn hàn bí àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ tẹ Genomes, ẹ yan Human, kí ẹ rí i pé GRCh38/hg38, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ DNA tí a fẹ́ lò, lẹ wà. Ẹ kọ ERVW-1 sínú àpótí ìwákiri, yóò gbé yín dé krómósómù 7, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA wa. Fóònù lè ṣe é, àmọ́ ojú rẹ̀ kéré jù.

Ẹ wá sísàlẹ̀ dé abala Repeats. Lábẹ́ RepeatMasker, ẹ yan full, kí ẹ tẹ refresh. Nínú àwọn ìlà tó bá jáde, èyí tí wọ́n kọ LTR sí, àmì irú fáírọ́ọ̀sì yìí, ni tiwa. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí àwọ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ. Èyí tó dúdú dáadáa kò tíì yí padà púpọ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, àyípadà ti jẹ ẹ́ gan-an. Ẹ tẹ àpótí tó bọ́ sábẹ́ ERVW-1, ẹ ó rí HERV17, orúkọ ìdílé fáírọ́ọ̀sì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ 10x lẹ́gbẹ̀ẹ́ zoom out, kí ẹ wo bí àwọn yòókù ṣe pọ̀ tó láyìíká rẹ̀.

Pé ó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́. RNA, ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ látara jíìnì tó bá ń ṣiṣẹ́, ni ẹ̀rí iṣẹ́. Ẹ lọ sí proteinatlas.org, ìkànnì tó ń fi ibi tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ lára hàn, ẹ wá ERVW-1, kí ẹ ṣí Tissue. Ọ̀pá ibi ọmọ, tí wọ́n kọ placenta sí, ló ga ju gbogbo wọn lọ. Lọ́dún 2000 ni wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀: purotéènì tí fáírọ́ọ̀sì fi ń dà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ni ibi ọmọ wá ń lò báyìí láti so àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo, èyí tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Èyí wú mi lórí ju ohunkóhun lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún HERV-K, ìdílé fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ mìíràn nínú DNA wa. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ jọra débi pé ó ṣòro láti mọ èyí tí ègé RNA kan ti wá. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àgbo òun lè fọ fáírọ́ọ̀sì yìí kúrò lára yín. Àjogúnbá ni, inú DNA ló wà, kò sí àgbo tó lè dé ibẹ̀.

Ó ku ERVFRD-1, lórí krómósómù 6. Ìdílé fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni, ibi ọmọ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún gbogbo ìgbésẹ̀ náà gbé fún un, kí ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà PDF, láti tọ́jú àwòrán méjèèjì.